Ìpè Ọjọ́ Sọ́ńdè

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n bá Màmá Malachi láàárín títì tó lọ sí Ìdèrè. Ó jókòó sórí ọ̀dà gbígbóná, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń gbatẹ́gùn lójúde. Oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ já sí i, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì títí ẹ̀gẹ́ fi ń já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ bú, ó rí irun funfun, ó gbé èébú náà mì. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde níbí o, mọ́tò á gbá yín." Ìyá náà gbójú sókè wò ó. "Jẹ́ kó gbá mi, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Ṣàkírát, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló fi ọ̀kadà lọ gbé e wálé. Òun ló máa ń bá Keturah, ọmọ ìyá náà, mójú tó o tí Keturah bá lọ síléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìgbó-Ọrà. Ẹkún ló fi pè é lórí fóònù. "Ìyá Àràmídé, ẹ má bínú sí mi. Ìrun ọ̀sán ni mo ní kí n kí. Kí n tó sálámà, ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí." Kí ni Keturah fẹ́ bínú sí? Ṣàkírát kì í ṣe ẹbí, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, àánú lásán ló ń ṣe. Keturah fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sáré jáde ní kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń wò ó lẹ́yìn.

Ọjọ́ yẹn ló gbà pé apá òun ò ká a mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Àràmídé ọmọ rẹ̀ wà níléèwé gíga. Ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á láyè títí, ó ti sú òun náà. Ó wẹ ìyá rẹ̀, ó fi òróró pa á lẹ́sẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti jó o, ìyá náà sì kọjú sí ògiri bó ṣe máa ń ṣe.

Àfi bí ẹni pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Màmá Malachi tí gbogbo ọjà mọ̀, oníṣòwò ẹ̀gúsí, obìnrin tí yóò rẹ́rìn-ín tí wọ́n á gbọ́ ní ojúlé kẹta! Ìgbàgbé ló kọ́kọ́ dé. Ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi Keturah pé ọmọ ta ni. Lẹ́yìn náà ni ohun kejì dé, èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: kò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ wẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé. Dókítà tí wọ́n lọ bá ní Ìbàdàn ní àìsàn méjì ló pàdé lára rẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ ọpọlọ. Ìkejì ni ìbànújẹ́, kì í ṣe èyí téèyàn ń sunkún tán tó ń lọ bọ́jú, èyí tó ti gbilẹ̀ tó ti di àìsàn gidi ni. Ó kọ oògùn. Ó wá bi Keturah léèrè pé, "Ǹjẹ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí Màmá láti bí ọdún méjì?"

"Rárá o, dókítà," ni Keturah dáhùn.

Irọ́ ni.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá náà bí. Malachi ni àkọ́bí, Keturah tẹ̀ lé e, Obadiah ni àbíkẹ́yìn. Èkó ni Malachi ń gbé, ó ń ta páàtì mọ́tò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, kò jí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí kò jẹ́wọ́ orí fífọ́ fún ẹnikẹ́ni rí! Èkó náà ni wọ́n sin ín sí.

Bàbá Salome, àbúrò bàbá wọn tó ti ń ṣe olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá ti kú, ló pe Keturah àti Obadiah wọ yàrá. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyá yín ò gbọdọ̀ gbọ́. A kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó ti dàgbà. Àbí òkú méjì lẹ fẹ́ sin lóṣù kan?" Ẹ má tíì dá wọn lẹ́jọ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa, bó bá jẹ́ ẹ̀yin náà ni, ẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé Bàbá Salome ni wọ́n ti sunkún tẹ́rùn, wọ́n fi omi tútù bọ́jú kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ ìyá wọn. Wọ́n ní Malachi ti ríṣẹ́ ní Kánádà, pé ìwé rẹ̀ dé lójijì, kò ráyè wá dágbére.

Ìyá náà wò wọ́n, ó wo Keturah, ó wo Obadiah. "Kánádà," ló wí. "Ó dáa. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Wọn ì bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Malachi ti máa ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, bí kò bá wá pè ńkọ́? Ohùn Malachi àti ti Obadiah sì rèé, bíi kóbò àti kóbò ni, èèyàn ò lè yà wọ́n. Ni Bàbá Salome bá ní kí Obadiah máa pè. Télọ̀ ni Obadiah ní Ayete. Ó ra líìnì mìíràn, Keturah sì fi orúkọ "Malachi" tọ́jú nọ́ńbà náà sínú fóònù ìyá wọn. Tó bá di aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè, Obadiah á lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wúkọ́, á ní, "Màmá, Malachi ni o. Òtútù ibí yìí ò kẹ̀rẹ̀." Keturah ló máa ń di fóònù náà mú sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá á ní, "Ẹ̀ẹ̀n, ọmọ mi. Fi nǹkan bo àyà o." Ó parí. Obadiah sọ fún Keturah nígbà kan pé lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun òun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí ìyá wọn má bàa fi ohùn wé ohùn, Obadiah ò fi orúkọ ara rẹ̀ pè é lórí fóònù mọ́. Tó bá sì wá sí Ìgbó-Ọrà, á kí i wúyẹ́wúyẹ́, á lọ jókòó sí ìta.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe eléyìí.

Nígbà tí Keturah sọ fún Bàbá Salome pé òun ń wá ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà, níbi tí ìyá òun á máa gbé, bàbá náà fò dìde lórí àga. "Ilé arúgbó? Ṣé ìyá yín yàgàn ni? Kí gbogbo Ìgbó-Ọrà wá máa nawọ́ sí mi pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́wọ́ àjòjì, tọmọtọmọ? Keturah, ṣé orí rẹ pé?"

Keturah kì í fèsì fún àgbà. Kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ó ká a lára. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú wọn sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ máa wẹ̀ wọ́n, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí, ẹ máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá."

Bàbá Salome wo ilẹ̀. Ó ní ìyàwó òun náà ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Kò tún sọ̀rọ̀ ilé arúgbó mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnu dùn ún ròfọ́, àbí kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ibi àkọ́kọ́ tí Keturah lọ wò ni ilé àdúrà kan lọ́nà oko. Ìyá aláṣọ funfun tó wà níbẹ̀ gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Màmá máa fi bẹ̀rẹ̀. Ààwẹ̀! Ẹni tí kò jẹun! Bí Keturah ṣe ní kí òun yíjú, ó rí obìnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀. 

Ìkejì wà ní Ìbàdàn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó mọ́ tónítóní. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọbìnrin kan ń fi ọwọ́ kan bọ́ ìyá àgbà kan, ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù. Wọ́n sọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo fún Keturah. Kò sí ẹni tó béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Ó rántí pé Ìbàdàn jìnnà, pé òun ò ní lè máa wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó jáde.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló wá sọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì Àmínà fún un, ní Èrúwà. Nọ́ọ̀sì yìí ti ṣiṣẹ́ ọsibítù fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé bàbá rẹ̀, ilé ńlá tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, ló sọ di ibi ìtọ́jú. Àgbà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Bàbá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé pé "ẹ káàárọ̀", bẹ́ẹ̀ oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Nọ́ọ̀sì Àmínà fúnra rẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, híjáábù funfun ló wọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni Màmá fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ṣe.

"Ẹ̀gúsí, Mà," ni Keturah wí. "Wọ́n máa ń bó ẹ̀gúsí." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ ìgbà tó bọ́.

"Ó dáa, tíṣà. Ẹ mú wọn wá ní Tọ́sìdeè, ká wo ara wa. Ṣùgbọ́n mo ní òfin kan. Mo ti gba bàbá kan rí tí àwọn ọmọ ẹ̀ fi wárápá pamọ́ fún mi. Wọ́n ń tijú. Iná ìdáná ló ṣubú sí lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ká irọ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́, wọ́n á gbé èèyàn wọn padà ni. Ẹ má jẹ́ ká jọ débẹ̀."

Keturah ní kò lè ṣẹlẹ̀, Mà. Ó rò ó délé. Bó bá sọ ti Malachi fún nọ́ọ̀sì, tí ẹnìkan lára àwọn òṣìṣẹ́ bá já a sílẹ̀ létí ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó jókòó sí títì pé kí mọ́tò gbá òun, tí kò tiẹ̀ tíì gbọ́ nǹkan kan! Ikú gan-an nìyẹn. Ó pinnu pé òun ò ní sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn: kí ìyá rẹ̀ má bàa kú, àfi kó purọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ yẹn náà ló lè mú kí wọ́n lé wọn.

Tọ́sìdeè pé. Obadiah wá láti Ayete, wọ́n gbé ìyá wọn sáàárín nínú takisí, kò bá wọn sọ̀rọ̀ kan títí wọ́n fi dé Èrúwà. Nọ́ọ̀sì gbé fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Orúkọ. Ọjọ́ orí. Oògùn. Ó kan ibi tí wọ́n kọ "iye ọmọ" sí. Keturah kọ mẹ́ta.

"Gbogbo wọn ló wà láyé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Obadiah dìde, ó ní òun fẹ́ tutọ́, ó jáde.

Nọ́ọ̀sì Àmínà fa ìyá náà lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jọ lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́. Keturah yọjú láti fèrèsé, ó rí àwọn méjèèjì lábẹ́ igi fúrúùtù, atẹ ẹ̀gúsí wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀ ń bó o! Ọwọ́ rẹ̀ ń yára bíi ti ọjọ́un, ẹnu rẹ̀ sì ń mì, ó ń sọ̀rọ̀. Inú Keturah dùn dé ibi tí kò yẹ. Ó ní, "Olúwa, ó ṣeun," ó sì tún un sọ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wọlé, kò jókòó.

"Tíṣà, ọmọ mẹ́ta lẹ kọ síbí, tí gbogbo wọn wà láyé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mo bi Màmá pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Wọ́n ní mẹ́ta. Mo ní, gbogbo wọn ńkọ́? Wọ́n ní, ó ku méjì."

Ẹ wo ohun tí ìjayà ń fi èèyàn ṣe: irọ́ náà ni Keturah tún dì mú. "Ìgbàgbé ni, Mà. Wọ́n máa ń dàrú báyẹn."

"Wọ́n dárúkọ ẹ̀ fún mi. Malachi. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ wá sọ pé ó lọ sí Kánádà, ojú ẹ̀yin méjèèjì wú."

Keturah ò mọ bó ṣe dé abẹ́ igi. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, èèpo ẹ̀gúsí ń gún un lórúnkún. Obadiah ti dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Màmá, ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni?"

"Ti Malachi."

"Ta ló máa sọ fún mi? Ṣé ẹ sọ ni?" Ìyá náà ò gbójú kúrò lórí atẹ. "Èmi ni mo bí wọn. Ẹ̀yin lẹ rò pé ohùn kan náà ni. Obadiah máa ń mí kanlẹ̀ kó tó purọ́. Láti kékeré ẹ̀ ni. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá ń dá a lóhùn, Màmá? Kí ló dé tẹ́ ò bá wa wí?"

"Ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀. Gbogbo ẹbí ń sá sókè sódò kí n má bàa mọ̀. Kí n wá ní mo mọ̀? Mo ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi." Ó ju èèpo kan nù. "Mo fẹ́ ké. Ibo ni mo fẹ́ ké sí? Ìwọ wà nínú ilé, Ṣàkírát wà ní ìta. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà ní Kánádà, kí ló ń ké sí?"

Ó wá béèrè bóyá ẹ̀gúsí yìí á tó gbé dé Ìbàdàn ní ọjọ́ ọjà. Keturah rò pé ó ti bọ́ lọ nìyẹn, pé ìgbàgbé ti gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tó fi í sí.

"Ìgbàgbé tí ẹ ń pariwo yìí, ó ń ṣe mí lóore nígbà míì. Tí mo bá jí, mi ò ní rántí. Màá rò pé Malachi wà ní Èkó tó ń ta páàtì ẹ̀. Mo máa ń jẹun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá wá di Sọ́ńdè, wàá gbé fóònù sí mi létí. Màá gbọ́ Obadiah tó ń mí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rántí." Ó wá gbójú sókè. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Malachi ń kú fún mi, Keturah. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Háà! Ọwọ́ Keturah, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló di fóònù mú! Ó rò ó padà sẹ́yìn, ó sì rí i kedere: Fúráìdeè, Sátidé, ìyá rẹ̀ á fi ṣíbí kan ìrẹsì, á tiẹ̀ bi í pé ṣé ó ti jẹun. Láti alẹ́ Sọ́ńdè ló máa ń kọjú sí ògiri. Mọ́ńdè ni wọ́n bá a lórí títì. Òun olùkọ́, tó ń ṣí rẹ́jísítà lójoojúmọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ sọ pé "ẹ má bínú," ọ̀rọ̀ náà kéré sí i lẹ́nu, kò lè sọ ọ́.

Nígbà náà ni ìyá náà bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún àgbà tó ń ro lábẹ́ ẹnu. Igbe ni, ó pe Malachi lórúkọ, ó pè é ní oríkì rẹ̀, ó bi í pé ta ló ní kó máa lọ, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Keturah na ọwọ́ láti pa á lẹ́nu mọ́, ó ti ní "ẹ ṣe sùúrù, Màmá" lẹ́nu, Nọ́ọ̀sì Àmínà sì di ọwọ́ náà mú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún." Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá tó ń kí ni ẹ káàárọ̀ dákẹ́. Ìyá àgbà kan jáde wá, kò mọ Malachi, kò mọ ẹnikẹ́ni, ó jókòó tì Màmá Malachi, òun náà ń sunkún. Bóyá ọmọ tirẹ̀ ló ń sunkún.

Ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Keturah nu ojú, ó dìde, ó ní, "Mà, mo ti purọ́ fún yín. Ẹ ti sọ òfin yín. Ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ."

Ìyá náà ni nọ́ọ̀sì kọjú sí. "Màmá, kí ni ẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ dúró," ni Màmá Malachi wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Níbí, mo lè sunkún, kò sí ẹni tó máa sá lọ bọ́jú."

Nọ́ọ̀sì Àmínà wọlé lọ mú fọ́ọ̀mù náà wá. Ó ní irọ́ ni òfin òun lòdì sí, ìyá yìí ò sì purọ́ fún òun. Ó fún Keturah ní bíírò. Keturah fi ilà pa ohun tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Mẹ́ta. Malachi ti kú. Ọdún méjì, kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí, kò tíì sọ ọ́ síta rí. Nọ́ọ̀sì wá là á yé wọn: bí Màmá bá gbàgbé, kí wọ́n má rán an létí, bó bá rántí, kí wọ́n má sẹ́, kí wọ́n jókòó tì í. Fóònù ọjọ́ Sọ́ńdè sì ti parí. Obadiah yọ líìnì náà kúrò nínú fóònù rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì.

Ìyá wọn ò wẹ̀yìn nígbà tí wọ́n ń lọ. Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà, Keturah sunkún láti Èrúwà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ojú ń tì í pé òun fi ìyá òun sílẹ̀. Ìtura díẹ̀ sì wà lọ́kàn rẹ̀, ìyẹn gan-an tún ń tì í lójú.

Ó lọ sọ fún Bàbá Salome. Ó ti múra èébú sílẹ̀. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. "Àṣé èmi ni mo dí i lẹ́nu," ló wí nígbẹ̀yìn. Kò sọ̀rọ̀ ohun tí ará ìlú máa wí mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni Keturah ń lọ sí Èrúwà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀ o. Ọjọ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mìíràn, nọ́ọ̀sì á ní Màmá ò sùn, wọn ò gba oògùn, àfi ìgbà tí àwọn bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ìdajì àwo. Ó ń sunkún tó bá fẹ́ sunkún. Ó ti bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń dáná jà nítorí ẹ̀gúsí tí kò gbẹ, Keturah sì rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́.

Obadiah ni kò lọ. Ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ó ní aṣọ ìgbéyàwó ẹnìkan wà lọ́wọ́ òun. Keturah mọ̀ pé ojú ló ń tì í, ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lọ bá a ní Ayete láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní kò níí wọ ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, kó dìde. Inú ọkọ̀ ni ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé yìí ti ń bi í pé kí ni òun máa sọ. Keturah ní kó kàn kí ìyá rẹ̀.

Ìyá wọn wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti di irun fún un. Obadiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, kò gbórí sókè.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá náà wí.

"Obadiah ni, Màmá."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá etí rẹ̀ rí, ó di í mú.

"Obadiah," ló wí. "Malachi ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwọ, ọdún méjì, o ò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni mo ṣe fún ọ?"